Orogún Mi Tó Wà ní Pemba

Mọ́ńdè, 8 September

Mo ra ìwé yìí ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí, lónìí torí pé tí mo bá la ẹnu sọ ohun tó wà nínú mi, Mìsítúrà ìyàwó mi á ní mò ń jowú. Mi ò jowú. Mo kàn fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé mi ò jowú.

Òní ni wọ́n ti òkun pa ní Pemba. Nusaybah, ọmọ mi, ló fi voice note sọ ọ́. Ó ti wà ní erékùṣù yẹn láti July, lápá Tanzania, òun àti àwọn kan tí wọ́n ń bá àwọn apẹja tún ibùgbé ẹja ṣe. Ó ní gbogbo abúlé ló dé etí òkun láàárọ̀. Wọ́n ri òpó mẹ́rin mọ́nú omi, wọ́n so àsíá pupa mọ́ ọn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa octopus, ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ yẹn, láàárín òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí di December. Ẹsẹ̀ àti ọ̀pá àwọn tó ń wá octopus ló ń fọ́ àpáta abẹ́ omi tí ẹja ń gbé, wọ́n ní kó sinmi. Tí wọ́n bá ṣí i, ọmọ mi ń bọ̀ wálé. Bó ṣe sọ nìyẹn.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló gbàdúrà? Mzee Makame. Ta ló ní kí ọmọ mi ri òpó kan? Mzee Makame. Ta ló fi ahọ́n tọ́ omi òkun wò, tó ní ọdún yìí á dáa? Mzee Makame, olórí àwọn apẹja. Voice note yẹn gùn bíi bọ́ọ̀sì, Mzee Makame ló jókòó sí gbogbo síìtì ẹ̀. Èmi, wọ́n fún mi ní àyè ìdúró lẹ́yìn: "Daddy, ẹ kí Mummy."

Túsìdeè, 9 September

Gilbert, tá a jọ ń gé ẹja ní ṣọ́ọ̀bù, ní "Mzee" túmọ̀ sí àgbà tí gbogbo èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún. Mo ní ta ló bi í.

Sátidé, 13 September

Òjò. Ẹja Títù ti wọ́n sí i, àwọn oníbàárà sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo bí i.

Nusaybah fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ẹja kún ọwọ́ ẹ̀, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ìborí ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ilé council. Makame wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó mú ọ̀bẹ dání.

Fọ́tò yẹn dùn mí wọ egungun. Ọmọ yìí! Nígbà tó wà ní secondary school, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ń bọ̀ ní Rye Lane, tó bá rí mi níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bùútù rọ́bà mi, òdìkejì títì ló máa ń gbà. Tó bá délé: "Daddy, no offence, ẹ̀ ń run ẹja." Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọwọ́. Mo fi Dettol fọ̀ ọ́. Mo fi lọ́fínńdà ìyá ẹ̀ pa á. Mo wá ń run bí ẹja tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Lórí tábìlì, tí wọ́n bá gbé orí ẹja síwájú mi, torí orí ni ti bàbá nílé wa, Nusaybah á fọwọ́ bojú: "Daddy, ó ń wò mí."

Ní báyìí, ẹja ẹlòmíì ò run mọ́.

Mo ti rí irú ẹ̀ rí. Ọbẹ̀ tí ìyálé ń sè látọjọ́ pípẹ́, ọkọ á ní iyọ̀ ẹ̀ pọ̀. Kí ìyàwó tuntun se ọbẹ̀ kan náà, ọkọ á lá àwo. Èmi ni ìyálé. Makame ni ìyàwó tuntun.

Wẹ́sìdeè, 24 September

Òtútù ti ń yọjú. Nusaybah pè lálẹ́.

"Daddy, ẹ gbọ́, iyùn kì í ṣe òkúta o! Ó wà láàyè, I swear."

Ó ní àpáta abẹ́ omi yẹn, iyùn ni. Àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí kéékèèké ló kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá já, wọ́n á ṣà á, wọ́n á so ó mọ́ tábìlì irin kan nísàlẹ̀ òkun kó lè dàgbà, tó bá tó, wọ́n á gbé e padà sórí àpáta. Kí ìdọ̀tí má baà pa á, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ọmọ tí mo bẹ̀ títí kó fọ báàfù ilé yìí, tó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ti lọ ń bá òkun fọ eyín.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí ìyá òun fún ẹni tó bá fẹ́ ní kóòtù òtútù òun, òun ò ní nílò ẹ̀ mọ́. Mìsítúrà wò mí, mo wò ó. Mo ní kóòtù yẹn ò gbọdọ̀ kúrò nílé yìí.

Mìsítúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti shift ẹ̀ ní Camberwell ni, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó wọ yàrá, ó gbé iyùn ìyá ẹ̀ jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó gbé e sábẹ́ iná.

"Bàbá Nusaybah, ṣé òkú ni mò ń so mọ́rùn látọjọ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀. Lọ bi Mzee Makame."

"Ẹ̀ ń jowú bàbá arúgbó."

"Ta ló ń jowú?"

"Ẹ lọ wo ojú yín nínú díńgí."

Mi ò wò ó.

Jímọ̀, 3 October

Mo ti pinnu. Bí wọ́n bá lè ti òkun pa ní Pemba, èmi náà á ti fíríìsà pa ní Rye Lane. Mi ò ta octopus fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí di December. Kí Nusaybah mọ̀ pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ òkun.

Ará Kòlóńbíà mẹ́ta ló béèrè octopus lónìí. Mo ní ó ti tán. Ó wà níwájú wọn nínú yìnyín. Mo ní èyí kì í ṣe octopus.

Sátidé, 4 October

Mo ti ba ọjà Sátidé jẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ ni mo rí i pé Gilbert ń ta octopus lẹ́yìn mi. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Alhaji, Pemba lẹ tì. Ti Morocco lèyí." Ọmọ Gánà ni Gilbert, àmọ́ ó gbé Àjégúnlẹ̀ pẹ́, Yorùbá ẹnu ẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ẹ̀ lọ.

Mo bi ara mi pé kí ni bàbá mi ì bá ṣe. Bàbá mi kì í bá olè jiyàn. Tó bá dẹ ìgèrè ẹ̀ sínú ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, á pa ààlè sí òpó ẹ̀, á lọ sùn. Àkísà àti ìkarahun lásán ni, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ẹja náà. Ni mo bá mú àtẹ́lẹ̀ bùútù mi àtijọ́, mo tọrọ ìkarahun ìgbín ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa, mo já ọwọ̀ díẹ̀, mo fi àkísà pupa di gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo so ó kọ́ sókè páálí octopus. Ó dáa lójú mi. Bàbá mi ì bá yìn mí.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé nínú ọ̀sà, ẹni tó bá rí ààlè á wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ síbòmíì. Ní Rye Lane, ibòmíì yẹn ni ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Mummy Jabez ló kọ́kọ́ rí i. Folúkẹ́ ni orúkọ ẹ̀, òun ló ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà nínú wíáhaùsì. Báàgì Títù ti wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Alhaji, kí lèyí?"

"Ààlè ni, Mummy Jabez. Ẹ má dá a lóhùn."

"Ààlè! Ta lẹ pa á fún?"

"Octopus nìkan ni. Títù yín ò sí nínú ẹ̀."

"Títù mi tó ti bá ààlè sùn látàárọ̀? Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó ju báàgì sílẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jáde o! Wọ́n ti pa ààlè sí ẹja!"

Ìlà àwọn oníbàárà tó ti dé bus stop, kí n tó nuwọ́ tán, ó ti tú. Àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá rárá ló sáré jù.

Ọ̀gá wa, ará Afghanistan, jáde láti ẹ̀yìn. Ó ní níbo ni àwọn èèyàn lọ. Gilbert ní, "Bàtà Alhaji ló lé wọn."

Ẹnì kan ṣoṣo tó dúró ni obìnrin ará Portugal kan. Octopus ló fẹ́ rà. Ó tún ní ìkarahun yẹn ńkọ́, èló ni.

Ọ̀gá ní kí n lọ máa kó yìnyín lẹ́yìn. Ó gbé pákó ìgéja mi fún Gilbert.

Sọ́ńdè, 5 October

Mìsítúrà ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í pa Jímọ̀ jẹ. Ààlè!"

Mo ní kì í ṣe ẹbọ, àmì ni. Ó dà bí èyí tí council máa ń lẹ̀ mọ́ òpó pé kí wọ́n má páàkì mọ́tò síbẹ̀.

Ó ní, "Council kì í lo ìkarahun ìgbín."

Jímọ̀, 10 October

Ẹ̀yìn ń dùn mí láti inú yìnyín. Mìsítúrà ti ro gbogbo ẹjọ́ mi fún Nusaybah lẹ́yìn mi. Ọmọ náà fi voice note ránṣẹ́, ẹ̀rín ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo ti fẹ́ pa fóònù nígbà tí ohùn ẹ̀ yí padà.

Ó ní àwọn kan wá láti erékùṣù míì láàárọ̀ àná, wọ́n wa ọkọ̀ wọ àárín òpó, wọ́n kó octopus, wọ́n fi ìdákọ̀ró fọ́ tábìlì iyùn kan. Ó ní Makame kàn jókòó sílẹ̀ sórí iyanrìn. Ó wá ní:

"Daddy, ààlè yẹn, ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Mo tún un gbọ́. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, ọmọ yìí ò bi mí ní ohun kan rí nípa omi, àyàfi pé ṣé omi gbóná wà.

Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo sọ̀rọ̀ sínú fóònù títí ó fi gbóná. Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ti ìgèrè, mo sọ ti ọ̀sà. Mo ní kó wá bàtà tó ti gbó, kí olè lè gbó bíi bàtà. Kó wá ìkarahun tó ṣófo, kí ilé olè lè ṣófo bẹ́ẹ̀. Ọwọ̀ díẹ̀. Àkísà pupa. Kó so ó sókè níbi tí omi ò ti ní dé e. Mìsítúrà kan ilẹ̀kùn pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé ìwẹ̀. Mo ní ọmọ mi ní ìbéèrè ni.

Sátidé, 18 October

Fọ́tò dé. Òkun rèé, ó tẹ́ lọ bíi díńgí. Òpó kan dúró nínú ẹ̀, ààlè mi sì wà lórí òpó. Ìkarahun òkun ni wọ́n lò, sílípáàsì ló rọ́pò bàtà, àmọ́ iṣẹ́ mi ni. Ààlè Ẹ̀pẹ́ ní Pemba!

Mo fi han Gilbert. Mo fi han Ọ̀gá, ó ní kí n lọ kó yìnyín. Mo fi han dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì, ó ní kí n tẹ káàdì mi.

Mọ́ńdè, 27 October

Wọ́n ti yí aago padà, ilẹ̀ ń ṣú kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Makame ti tú ààlè mi sílẹ̀.

Nusaybah ló sọ ọ́, ó ń rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé tíì gbóná. Ó ní olè ò wá rárá ní gbogbo àsìkò tó fi wà lókè. Makame ní atẹ́gùn líle ló dá wọn dúró. Láàárọ̀ àná ló gun òpó, ó tú u, ó gbé e lọ sílé ẹ̀. Àwọn apẹja ti wá ń pín ara wọn báyìí, ọkọ̀ kan á máa ṣọ́ òpó lójúmọmọ.

Mo ní kí ló sọ pé ààlè mi ṣe fún òun? Ó ní, "Daddy, ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀."

Ìyálé se ọbẹ̀, ìyàwó dà á nù, ó tún ní kí ìyálé wá gbọ́ ẹjọ́. Kó pè mí. Mo ti ń dúró dè é.

Sọ́ńdè, 9 November

Wọ́n pè lórí video. Mo dé fìlà tuntun, mo wọ ẹ̀wù tí mo fi kírun Iléyá. Mo wọ bùútù rọ́bà mi náà, bí fóònù ò tiẹ̀ lè rí i.

Bí Makame ṣe yọ, Nusaybah kúnlẹ̀ kí i. Orúnkún méjèèjì, nínú iyanrìn. Ọmọ tó máa ń kí mi "Hiya" láti orí àtẹ̀gùn. Mìsítúrà di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì.

Sàláámù lọ dáadáa. Lẹ́yìn ẹ̀, bàbá náà sọ̀rọ̀ títí. Nusaybah ní, "Daddy, Mzee ní òun kí yín gan-an."

"Ìkíni kì í gùn tó yẹn. Ojú ẹ̀ ò sì jọ ojú ẹni tó ń kíni. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Ó ní... sílípáàsì òun ni mo fi pa ààlè."

"Sílípáàsì ta?"

"Tiẹ̀. Mo rò pé ó ti jù ú nù ni. Ó ti fi ẹsẹ̀ kan wá a kiri gbogbo abúlé."

Mo fẹ́ pa á mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Mo rẹ́rìn-ín débi pé fìlà mi wọ́. Mìsítúrà fi ìgúnpá gún mi. Mo ní, "Sọ fún un pé bàtà tó ti kú la fi ń pa ààlè. Bí ọmọ bá rí bàtà àgbà tó rò pé ààtàn ló ti wá, ẹjọ́ ta ni?"

"Daddy, mi ò ní sọ ìyẹn o."

"Sọ ọ́."

Ó sọ nǹkan kan tó kúrú, tó sì dùn létí. Makame ṣẹ́jú sí mi. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, lọ́tẹ̀ yìí, Nusaybah ò lè fi oyin sí i: "Ó ní ìgbà wo lẹ wọ omi kẹ́yìn?"

Mo wo bùútù mi.

"Sọ fún un pé ojoojúmọ́ ni mò ń dúró nínú yìnyín. Omi tiẹ̀ gbóná. Ọmọdé lè dúró níbẹ̀."

Èyí, ó túmọ̀ ẹ̀ pé pérépéré. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí mo fi rí èrìgì ẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ eyín ẹ̀ pé. Ìyẹn náà tún dùn mí.

Ìgbà yẹn ni Nusaybah wá sọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè.

"Daddy, wọ́n fẹ́ kí n dúró. Ọdún kan sí i. Wọ́n á tún ti òkun pa, iyùn tá a so mọ́ tábìlì náà ò tíì tó gbé."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ dúró. Àmọ́ Mzee ní òun ò gbà àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i. Ó ní òun ò lè mú ọmọ ọlọ́mọ dúró sétí òkun òun kí bàbá ẹ̀ má sọ nǹkan kan."

Kódà àṣẹ tèmi, òun ló rántí ẹ̀ ṣáájú mi.

Mo ní màá rò ó. Mìsítúrà ti pààrọ̀ kọ́tìnnì yàrá ọmọ náà de December. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lálẹ́ yìí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kóòtù ẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ẹ̀ bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì.

Tọ́sìdeè, 20 November

Yìnyín dídì wà lórí mọ́tò láàárọ̀. Mo ti gba pákó mi padà. Mummy Jabez ló wá sọ fún Ọ̀gá pé Gilbert ń fi egungun sílẹ̀ nínú ẹja, ó sàn kí àwọn dúró ti ọ̀gbẹ́ni alààlè. Ó ta òróró àdúrà sórí pákó náà kí n tó gbé ọ̀bẹ lé e. Mo ṣe àmín.

Mi ò tíì dá ọmọ lóhùn. Mìsítúrà ní, "Bẹ́ ẹ̀ bá fẹ́, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́. Àmọ́ ẹ má fi í síbẹ̀ bí ẹja orí yìnyín."

Bí mo bá ní kó wálé, á wálé. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Á wálé, á sì tún gba òdìkejì títì.

Sátidé, 6 December

Wọ́n ṣí òkun.

Nusaybah pè nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo gbé fóònù tì sára yìnyín, láàárín krókà àti pańla. Gilbert wá wò ó. Mummy Jabez wá wò ó. Àwọn tó wà lórí ìlà náà kúrò lórí ìlà.

Omi ti fà sẹ́yìn. Àwọn obìnrin àti ọkùnrin ń rìn lọ pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n ń wo ibi tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé, iyanrìn nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, wọn ò tẹ iyùn. Bí ẹnì kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, gbogbo wọn á pariwo mọ́ ọn. Octopus tí wọ́n ń fà jáde tóbi, ọwọ́ ẹ̀ wé mọ́ wọn títí dé èjìká. Mummy Jabez ní irú ẹ̀ ò tọ́ sí èèyàn láti jẹ, ó sì béèrè bóyá ó máa ń rọ̀.

Nusaybah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ihò kan, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fà á. Òun náà pa tiẹ̀! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́.

Níbẹ̀, ẹran àkọ́pa ẹni, àgbà tó kọ́ni ló ni ín. Makame ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè é. Mo ní ó ti tán. Mo ní kí wọ́n padà sórí ìlà.

Nusaybah ò tíì fún un. Ó gbé octopus sórí pákó ọkọ̀, ó mú ọ̀bẹ. Ó fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ó yí ọrùn ọwọ́ sínú, ó gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gilbert ní, "Alhaji. Ọwọ́ yín nìyẹn."

Ọwọ́ mi ni. Kò sẹ́ni tó ń gé ẹja bẹ́ẹ̀ ní Rye Lane yìí, Gilbert ti gbìyànjú, ó gé ara ẹ̀. Mi ò kọ́ ọmọ yẹn rí. Níbo ló ti rí i? Òdìkejì títì ló máa ń gbà.

Ó fi ara octopus náà lé Makame lọ́wọ́. Ó mú orí sọ́wọ́ ara ẹ̀. Makame tún na ọwọ́. Nusaybah mirí pé rárá, ó sọ Swahili, ó wá yíjú sí fóònù, ó sọ ọ́ fún wa: "Mo ní orí, ti Daddy mi ni. Bá a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Bàbá náà wo orí yẹn, ó wo fóònù, ó sọ̀rọ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ń jowú yín, Daddy."

Mo ní, "Sọ fún un pé á mọ́ ọn lára."

Mo ní kí wọ́n mú Títù wá, ta ló kàn. Ojú ń ta mí. Yìnyín ni.

Jímọ̀, 19 December

Ọmọ kan tí wọ́n jọ wà ní Pemba ti dé, ó gbé ẹrù wá fún wa láti ọwọ́ Nusaybah. Orí octopus ni, wọ́n ti sá a gbẹ, ó ti kéré, ó dà bí àpò tí ẹnì kan jókòó lé. Sílípáàsì kan wà lábẹ́ ẹ̀, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Nusaybah ṣàlàyé lórí fóònù. Makame ò ju ààlè mi nù. Ó ti so ó mọ́ kẹ̀ẹ́gì epo ọkọ̀ ẹ̀ nílé, àwọn àna ẹ̀ tó máa ń bù ú láìtọrọ ò fọwọ́ kàn án mọ́. Sílípáàsì kan wá ṣẹ́kù tí kò wúlò fún un. Ó ní bí mo ṣe fẹ́ràn bàtà òun tó yìí, kí n gba ìkejì.

Orogún burúkú. Mo rẹ́rìn-ín títí Mìsítúrà fi jáde wá wò mí.

Sọ́ńdè, 21 December

Mo dá ọmọ lóhùn láàárọ̀. Mo ní kó dúró. Mo ní tí wọ́n bá tún ti òkun pa, kó rí i pé kì í ṣe bàtà ẹni tó wà láàyè ló so. Mo ní kó sọ fún Makame pé mo kí i, àmọ́ kó má fi kún un. Ó sunkún díẹ̀, ó ní, "Daddy, ẹ ṣé." Mìsítúrà lè fún ẹni tó bá wù ú ní kóòtù yẹn.

A gbé orí octopus kaná lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ata ti jinná, àlùbọ́sà ti yọ́, orí ò mira. Gilbert yà wá, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Láti Kennington lọ́hùn-ún tó jìn. Mìsítúrà náà mú ṣíbí, ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ iyọ̀ wò.

Ni mo bá mú sílípáàsì Makame, mo fi àkísà pupa so ó mọ́ etí ìkòkò.

Gilbert ní, "Alhaji, ẹ̀yin nìkan?"

Mo ní orí ni ti bàbá.

Ó le bíi táyà bọ́ọ̀sì. Mo ń jẹ ẹ́ títí di báyìí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.